Ẹ̀sọ̀ Ni Ọmọrí Ń Fẹ́

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Kò sí iṣẹ́ igi tí òwe yìí bá mu bí àpótí róbótó kékeré ọlọ́mọrí, irú èyí tí à ń kó yẹtí àti òrùka sí, tí a fi ẹ̀rọ ìyígi gbẹ́ láti ara igi líle. Ẹni tó ń yí òpó àtẹ̀gùn lè ṣi ìwọ̀n díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fura. Ọmọrí kì í gba bẹ́ẹ̀. Bó bá fún jù, a ó máa bá a jìjàkadì. Bó bá dẹ̀ jù, yóò máa mì lórí àpótí. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò nípọn ju bébà kan lọ. Ìwọ ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, wá sùúrù ná kí o tó wá irin.

Àwọn ayígi ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà a máa náwó gọbọi sórí ègé igi kékeré nítorí pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá: mpingo dúdú kirikiri ti Tàǹsáníà, ẹ́bónì ti Kamẹrúùnù, igi apá ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Apá kì í ṣe àjòjì lọ́dọ̀ wa. Ègé tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí káfíńtà kan ìlẹ̀kùn tán, tí wọ́n fẹ́ fi dáná, àpótí wà nínú rẹ̀. Ó dùn mí pé odindi gẹdú là ń kó lọ sókè òkun láìfi ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti wí pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ọ̀wọ́n náà ti dé. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó lè parun, ti fi gbogbo ẹ̀yà Dalbergia, tí mpingo wà nínú wọn, sábẹ́ ìwé àṣẹ. Lọ́dún 2022 wọ́n pinnu láti fi igi apá ti ilẹ̀ Áfíríkà kún un. Bèèrè ibi tí igi ti wá kí o tó sanwó.

Igi tí a gé kò tíì sinmi. Nígbà òjò yóò wú, nígbà ọyẹ́ yóò súnkì. Kì í sì í súnkì bákan náà: bí a bá tẹ̀ lé òrùka ọdún rẹ̀ yí ká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àárín sí èèpo, lóòró, díẹ̀ kínún ni. Ìdí nìyí tí àpótí tó róbótó lónìí kì í fi í róbótó mọ́ tó bá yá, tí ọmọrí rẹ̀ á wá há. Gé igi náà kí iṣan rẹ̀ wà lóòró láti ìdí àpótí dé orí ọmọrí, kí o sì yọ ọkàn igi dànù, torí ibẹ̀ ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Yí ìdí àti ọmọrí kí ara wọn ṣì nípọn, kó wọn síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ tí oòrùn kì í dé. Wọ̀n wọ́n, kọ ìwọ̀n àti ọjọ́ sí wọn lára. Àfi tí ìwọ̀n náà bá dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, má gbé wọn padà sẹ́nu ẹ̀rọ.

Nígbà tó bá gbẹ, inú ọmọrí ni kí o kọ́kọ́ parí, torí ó rọrùn láti fá ọrùn àpótí, ibi tí ọmọrí ń wọ̀, ju láti tún inú ọmọrí ṣe. Ẹnu ọmọrí gbọ́dọ̀ dọ́gba láti etí wọnú. Bó bá fẹ̀ létí tó há nínú, kò ní í di nǹkan mú. Wá gbé ìdí sẹ́nu ẹ̀rọ, fá ọrùn rẹ̀ kí iwájú tín-ín-rín ju ẹ̀yìn lọ. Dá ẹ̀rọ dúró. Fi ọmọrí kàn án, fọwọ́ yí i díẹ̀, yọ ọ́, wò ó: wàá rí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán lára ọrùn náà. Ibi tí ọmọrí ti kàn án nìyẹn. Ìwọ̀n tí ò ń wá gan-an ni. Fá ìyókù bá a dọ́gba, má kọjá rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Jẹ́ kó kọ́kọ́ há dáadáa, kí o lè parí orí ọmọrí lórí ìdí níbẹ̀. Gbẹ́ inú àpótí tán kí o tó fi sáńpépà dín ọrùn kù, nítorí bí a bá ti kó inú igi jáde, ara rẹ̀ a tún yí padà. Má sì wọn ohunkóhun nígbà tí igi ṣì gbóná. Sáńpépà tí a tẹ̀ mọ́ ẹ́bónì, ooru rẹ̀ a máa sán an wẹ́wẹ́.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Lo ìbojú tó le, bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, ká apá aṣọ rẹ sókè, kí o sì fọwọ́ yí igi ká lẹ́ẹ̀kan kí o tó tan iná. Ìyẹ̀ igi ni mo bẹ̀rù jù. Ti ìrókò a máa ta imú, a sì máa yún ara. Lọ́dún 1995, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìyẹ̀ igi mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà. Aṣọ tí a dì mọ́mú kò tó. Ra ìbòmú gidi.

Ní ti dídán, ìda oyin fẹ́ẹ́rẹ́ tó fún ìta. Má fi epo linseed kun inú, torí òórùn rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde lábẹ́ ọmọrí, yóò sì kan tó bá pẹ́. Fi inú sílẹ̀ bó ṣe wà.