Ta Ni A Lè Pè Ní Ọ̀gànjọ́ Òru?

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ayọ̀, àti ohun tí ń mú ayọ̀ pẹ́ lára ènìyàn títí di ọjọ́ ogbó.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù dáhùn ìbéèrè kan nínú ọkàn rẹ̀. Bí àìsàn bá kọlù yín ní aago méjì òru, tàbí bí ẹ̀rù bá ṣàdédé bà yín, ta ni ẹ lè pè tí ọkàn yín balẹ̀ pé yóò dìde? Ẹ má ṣe sọ pé Ọlọ́run ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ènìyàn ni a ń bèèrè. Ẹ ka orúkọ wọn lórí ìka yín. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́.

Àwa kọ́ ni a dá ìbéèrè yìí sílẹ̀. Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bi àwọn ènìyàn tí wọ́n ti ń tọ ipasẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Àwọn kan dárúkọ ènìyàn mélòó kan. Àwọn mìíràn kò rí ẹyọ ẹnì kan dárúkọ. Ìwádìí yẹn ni a fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ wa.

1. Bí ìwádìí náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1938, àwọn oníṣègùn ní Yunifásítì Harvard, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n fi tọ ipasẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin 268. Ohun tí ń pa ènìyàn ni oníṣègùn sábà máa ń wá, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí fẹ́ mọ ohun tí ń mú ènìyàn wà ní àlàáfíà. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, Sheldon Glueck àti ìyàwó rẹ̀ Eleanor ń ṣe ìwádìí tiwọn lórí àwọn ọmọkùnrin 456 ní àwọn àdúgbò tálákà ìlú Boston. Nígbà tí ó yá, wọ́n so méjèèjì pọ̀, ó di ènìyàn 724.

Ní ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn: báwo ni iṣẹ́, báwo ni ilé, báwo ni ara? Wọ́n ń gba ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀dọ̀ dókítà wọn, wọ́n ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé. Nínú àwọn ọmọkùnrin náà, àwọn kan di agbẹjọ́rò, àwọn kan di bíríkìlà, ọtí gba àwọn mìíràn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard náà, John F. Kennedy, di Ààrẹ Amẹ́ríkà. George Vaillant ṣe alákòóso ìwádìí yìí fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, Robert Waldinger sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe tíṣà rí mọ̀ pé ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ tí a tọ́jú láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà máa ń sọ ohun tí ìdánwò ọjọ́ kan kò lè sọ. Ẹ wá ro ìwé àkọsílẹ̀ tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Òótọ́ ni pé ọkùnrin aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ kí a gbé gbogbo rẹ̀ mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá wọ́n fi àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ wọn kún un, ìwádìí àwọn ẹlòmíràn sì tọ́ka sí ibì kan náà, bí a ó ti rí i.

2. Ohun tí wọ́n rí

Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà pé ọgọ́rin ọdún, àwọn olùwádìí padà wo ìwé wọn ti ìgbà tí wọ́n jẹ́ ẹni àádọ́ta. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ìbá ti fi hàn láti ìgbà náà ẹni tí yóò gbó pẹ̀lú ìlera. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ó fi í hàn. Àwọn tí àjọṣe wọn pẹ̀lú ènìyàn tẹ́ wọn lọ́rùn jù lọ ní àádọ́ta ọdún ni ara wọn le jù lọ ní ọgọ́rin ọdún.

Wọ́n rí i pẹ̀lú pé arúgbó tí ó dá lójú pé òun lè fara ti ọkọ tàbí aya òun nígbà ìṣòro, iyè rẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó ra. Kì í ṣe pé wọn kì í jà. Àwọn tọkọtaya kan nínú wọn ń ṣe àríyànjiyàn láti àárọ̀ dé alẹ́. Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn a sì tún jọ jẹun. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ẹnì kejì yóò wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìrora. Ní ọjọ́ tí ara bá ń ro àwọn arúgbó tí àárín àwọn àti ẹnì kejì wọn dán mọ́rán, inú wọn kì í torí ìyẹn bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ilé wọn kò tòrò, ìrora ara a di ìrora ọkàn mọ́ wọn lọ́wọ́, ìyà kan a di méjì.

Ní ọdún 2010, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 148 jọ, èyí tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 300,000. Wọ́n rí i pé àǹfààní àtiwà láàyè títí ìwádìí fi parí fi ìdá 50 nínú 100 pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní ènìyàn gidi ju àwọn tí kò ní lọ. Wọ́n ní èrè rẹ̀ fún ẹ̀mí kò jìnnà sí èrè ẹni tí ó jáwọ́ nínú sìgá mímu.

3. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀

Nígbà tí ohun ẹ̀rù bá dé, àyà a máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ a ru sókè, ara a múra àtijà tàbí àtisá. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá ṣe dá wa. Bí ewu bá kọjá, ó yẹ kí ara rọlẹ̀. Gbogbo wa sì mọ̀ pé bí ọ̀ràn bá dé tí a rí ẹni tí a fọkàn tán sọ ọ́ fún, ara a fúyẹ́, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ ní kọ́bọ̀ tí yóò fún wa.

Ṣùgbọ́n ara ẹni tí kò ní ẹni tí yóò sọ fún dà bí ọdẹ tí ó di kùmọ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà láti alẹ́ dé òwúrọ̀, lójoojúmọ́. Ó pẹ́ ni, ó yá ni, yóò rẹ̀ ẹ́. Àwọn olùwádìí náà gbà pé ọ̀nà kan nìyí tí ìdánìkanwà fi ń ba ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

4. Ọ̀pọ̀ èrò kọ́ ni ìfẹ́

Àwọn baba wa wí pé ènìyàn ni aṣọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ó wà nísàlẹ̀ àpótí kì í lé òtútù. A lè wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà, kí a wé gèlè kan náà, kí a jókòó ní ìjókòó kan náà fún ogún ọdún, kí a má mọ̀ pé ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò sùn lálẹ́ àná. Ènìyàn lè dá wà láàrin èrò. Ó lè dá wà lórí ibùsùn tí ọkọ rẹ̀ sùn sí.

Kí ẹ má baà rò pé ìwé nìkan ni a kà wá, ẹ jẹ́ kí a fi ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Àwa àti tíṣà kan jọ ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé kan náà, a jọ ń jẹ nínú abọ́ kan, a ń bá ara wa pọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, tí wọ́n sì fo àwa tí a fi ọdún méjì ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, inú wa ru. A sọ ọ́ níwájú àwọn ènìyàn pé ó gba ẹ̀bùrú dé ibẹ̀. A kò ní ẹ̀rí kankan. Ọdún mẹ́sàn-án ni a fi ń kí ara wa lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn, tí ìkíni náà kò kọjá ètè. Ilé mẹ́rin péré ni ó wà láàrin ilé wa àti tirẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti di opó, òòyì gbé wa, àyà wa ń já. Iná kò sí. A di fóònù mú. Nọ́ńbà inú rẹ̀ lé ní igba. Àwọn ìbejì wa wà ní òkè òkun. Àbúrò wọn wà ní Èkó, ilẹ̀ yóò ti mọ́ kí ó tó dé. A ń yẹ orúkọ wò: eléyìí, a kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu; tọ̀hún, kì í gbé fóònù lóru; ìyẹn, yóò sọ ọ́ di ìròyìn. Orúkọ kan ṣoṣo ni ọkàn wa sọ pé yóò wá. Òun ni orúkọ tí a kò pè fún ọdún mẹ́sàn-án.

A pè é. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí o? Mò ń bọ̀." Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, ó so ìró mọ́ àyà, ọmọ ọmọ rẹ̀ mú tọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n gbé wa dé ilé ìwòsàn, kò sì lọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Mo ti ń retí yín. Ṣùgbọ́n èmi náà mọ ọ̀nà ilé yín, n kò wá."

A ti dárí ji ara wa. Ṣùgbọ́n láàrin ọdún mẹ́sàn-án náà ni ọkọ rẹ̀ kú, a kò sì bá a jókòó ọ̀fọ̀. Ìyẹn ni ó ń dùn wá títí di òní, nítorí kò sí bí a ṣe lè padà lọ jókòó níbẹ̀.

5. Ohun tí a lè ṣe

Èkínní, kí a wá ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ìwádìí Harvard fi hàn pé àwọn tí inú wọn dùn jù lọ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ni àwọn tí wọ́n sapá láti fi ọ̀rẹ́ tuntun rọ́pò àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí a má di gbogbo ẹrù yìí ru àwọn ọmọ wa. Ọmọ dára, ṣùgbọ́n òun náà ní ilé tirẹ̀.

Èkejì, kí a máa bẹ ara wa wò. Kíláàsì tí a mọ̀ nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bẹ̀rẹ̀ ní Bristol ní ọdún 1742, nígbà tí wọ́n ń wá owó san gbèsè ilé ìsìn. Wọ́n pín àwọn ènìyàn sí méjìlá-méjìlá, olórí kan a sì máa lọ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń gba owó ni wọ́n ti rí bí olúkúlùkù ti ń gbé nínú ilé rẹ̀, John Wesley sì rí i pé ìyẹn ṣe iyebíye ju owó lọ. Ẹ̀yin olórí kíláàsì, ẹ má jẹ́ kí ó tún padà di ọ̀rọ̀ owó nìkan.

Ẹ̀kẹta, kí a parí ìjà nígbà tí àyè ṣì wà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ wa ní òdì: ẹni tí a ń lù nínú ilé, kò sí ìwádìí tí ó ní kí ó jókòó sínú ìyà. Ìwádìí yìí kan náà fi hàn pé ilé oníjà tí kò ní ìfẹ́ ń ba ìlera jẹ́ púpọ̀. Ìjà tí a ń sọ ni èyí tí ìgbéraga nìkan ń bọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí a mọ̀ àti ẹni tí a lè pè lóru?
2. Kí ni ó máa ń mú kí a sọ pé a kò fẹ́ yọ ẹlòmíràn lẹ́nu?
3. Àwọn wo nínú ẹgbẹ́ wa ni wọ́n ń dá gbé, ta ni ó sì bẹ̀ wọ́n wò kẹ́yìn?

Iṣẹ́ àmúrelé

Kí ìpàdé wa tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù lọ sí ilé ẹnì kan tí ó ti pẹ́ tí ó ti dé. Kí ó má ṣe gbé ìwé ìdáwó lọ́wọ́. Kí ó jókòó, kí ó bèèrè àlàáfíà, kí ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn.