Orúnkún Ló Ń Ké, Ìbàdí Ló Ń Ṣàìsàn

Ọdún kẹta ni mo wà nígbà tí orúnkún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mi ò ṣubú, mi ò gbá bọ́ọ̀lù. Bí mo bá jókòó pẹ́ ní kíláàsì, ẹsẹ̀ á gan, àfi kí n di bẹ́ǹṣì mú kí n tó lè dìde. Màmá mi ní làkúrègbé ni, wọ́n fi Robb ránṣẹ́. Mo lo oògùn ara ríro títí inú fi ń ta mí. Wọ́n ya X-ray orúnkún náà, wọn ò rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí a ń kọ́ bí a ṣe ń yẹ oríkèé wò, èmi ni mo dùbúlẹ̀ fún olùkọ́ wa. Wọ́n tẹ orúnkún mi níhìn-ín lọ́hùn-ún, kò dùn mí. Wọ́n wá ká ẹsẹ̀ mi sókè, wọ́n yí itan mi sínú. Mo pariwo. Lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bi mí ní jẹ́nótáìpù mi.

"SS ni, sà."

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí. Iṣan obturator, tó ń gbé ìrora láti ìbàdí lọ sí ọpọlọ, ní ẹ̀ka ní orúnkún pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí àìsàn ìbàdí fi lè máa dunni ní orúnkún. Lára ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí egungun itan. Egungun tí kò rí ẹ̀jẹ̀ á kú. Bí a bá ń gbé ara lé e bẹ́ẹ̀, ó lè rún, ó sì lè di pé kí wọ́n pààrọ̀ oríkèé náà. Níbẹ̀rẹ̀, X-ray ìbàdí pàápàá lè má fi í hàn. MRI ló ń tètè rí i. Òun ló rí tèmi, kí ó tó rún.

Ọ̀pá ni mo fi ń rìn báyìí, mo sì ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n là sílẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ọ̀dọ́ bá ní orúnkún ń dun òun, ẹ yẹ ìbàdí àti ọrùn ẹsẹ̀ wò pẹ̀lú, ẹ sì béèrè jẹ́nótáìpù rẹ̀. Bí orúnkún náà bá wú, tó gbóná, tí ibà sì wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ẹ má jẹ́ kí a fi ètè sílẹ̀, kí a máa pa làpálàpá.