Ọwọ́ Kì í Yá Ju Ojú Lọ

Ọmọkùnrin kan gun zem, ọ̀kadà akérò wa, wá bá mi láti Sakété lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò tíì dọ̀bálẹ̀ tán tó ti na fóònù sí mi. "Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Mo ti pa á tán, aago ló pa mí." Mo gba fóònù, mo tú eré ṣẹ́ẹ̀sì náà palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, ayaba rẹ̀ wà níbẹ̀, ilé gogoro rẹ̀ kan wà, ọba ẹnìkejì ló dá dúró pẹ̀lú ọmọ ogun méjì. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ló kù fún un, ó sì ń lé ọba yẹn kiri bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ nínú oko ẹ̀gẹ́.

Mo ní, "Níbo lo ná ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ sí?" Ó ní òun ò ná an síbì kankan, kíákíá lòun ń ta. Mo fi ìka tọ́ ọ sí i: ní ìgbésẹ̀ kẹfà, ó lo ìṣẹ́jú àáyá 41. Ìgbésẹ̀ kẹfà o! Ibi tó ti kọjá nígbà àìmọye. Ó tún lo 23 ní ìgbésẹ̀ kẹsàn-án. Ogun ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó ti ná ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Torí tiẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, àti torí ẹ̀yin yòókù tí ẹ máa ń tẹ́ ẹní sí ìloro mi ní Issaba, ní orílẹ̀-èdè Benin, lálẹ́ tí ẹ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì oníṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú ẹni tí ẹ ò mọ̀ ní Brazil àti ní Íńdíà. Gbogbo yín lẹ rò pé ẹni tí ìka rẹ̀ ń sáré lórí fóònù ló yára. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí.

Àbúrò bàbá mi ni ọ̀ta ayò tí mo kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tó ń bá a ta kì í tíì gbọ́wọ́ kúrò lórí ọpọ́n tí ọmọ ayò á ti máa dún nínú ihò: kó, kó, kó, kó. Àwa ọmọdé gbà pé oògùn ni. Ọjọ́ kan ni mo wá pa ọwọ́ rẹ̀ tì, mo ń wo ojú rẹ̀. Nígbà tí ẹnìkejì ń họrí, tó ń rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, bàbá yìí ń ka ọmọ tó wà nínú odù, ihò tí ọmọ pọ̀ sí jù, lọ́hùn-ún, ètè rẹ̀ ń mì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Kó tó kàn án, ó ti parí rẹ̀. Inú àsìkò ọ̀pè ni ọ̀ta ti ń ronú.

Nígbà tí aago ẹnìkejì bá ń lọ, ìgbà yẹn niṣẹ́ tìrẹ bẹ̀rẹ̀. Mo sì mọ ohun tí ẹ máa ń ṣe nígbà náà: ẹ̀ ń wo WhatsApp. Ẹ̀ ń bi ara yín léèrè iye tí wọ́n ń ta gàrí. Bó bá wá kàn yín, ẹ ó ya ojú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 180. Bí eré bá gba ogójì ìgbésẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin àti ààbọ̀ ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń ronú nínú àsìkò ẹnìkejì ti sọ mẹ́rin àti ààbọ̀ di mẹ́sàn-án láìsan kọ́bọ̀.

Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó pa òwe yẹn kò ta ṣẹ́ẹ̀sì oníṣẹ́jú mẹ́ta rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, àwọn tó yára jù láyé ti fẹ̀sọ̀ mú un nílé kí wọ́n tó jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, wọ́n kó àwọn ìlúmọ̀ọ́ká ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì méjìlá jọ sí Herceg Novi, ní Yugoslavia ìgbà náà, pé kí wọ́n ta á ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún. Tal wà níbẹ̀, Petrosian wà níbẹ̀, Smyslov náà wà níbẹ̀, àwọn tó ti jọba ayé rí. Bobby Fischer, ọmọ Amẹ́ríkà, gba 19 nínú 22. Tal tó tẹ̀ lé e gba mẹ́rìnlá àti ààbọ̀. Wọ́n ròyìn pé nígbà tí eré parí, Fischer jókòó, ó sì ka ìgbésẹ̀ gbogbo eré méjèèjìlélógún látorí, láìwo ìwé. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó lè kà á látorí lẹ́yìn eré, ṣé ẹ rò pé tuntun ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ sí i nígbà tó ń ta á?

Ní 1973, William Chase àti Herbert Simon dán irú nǹkan báyìí wò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi pátákó eré gidi han ọ̀ta àti ọ̀pè fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, wọ́n gbé e pamọ́, wọ́n ní kí wọ́n tò ó padà. Ọ̀ta tò ó ju ọ̀pè lọ fíìfíì. Wọ́n wá to àwọn ọmọ náà sórí pátákó bó ṣe wù wọ́n, láìní orí láìní ìdí, wọ́n tún fi hàn wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀ta àti ọ̀pè. Orí ọ̀ta kò ju tìrẹ lọ. Ó ti rí ojú àwọn nǹkan yẹn rí ni, bí ìyá rẹ ṣe ń dá ọ mọ̀ lókèèrè nípa bí o ṣe ń rìn.

Nítorí náà, ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ eré kan ṣoṣo fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí o mú, kí o bá a sùn, kí o bá a jí. Bí o bá jẹ́ funfun, gbé d4, yọ bíṣọ́ọ̀bù sí f4, ẹṣin sí f3, e3, c3. London ni wọ́n ń pè é. Bí o bá jẹ́ dúdú tí wọ́n gbé e4 sí ọ, Caro-Kann ni, c6 kí d5 tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan máa sọ pé London kò dùn, pé eré àgbàlagbà ni. Kó má dùn. Ọmọ Sakété yẹn ìbá ti fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá gbé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́, kó wá ní àádọ́sàn-án lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀.

Mo pè é ní bíṣọ́ọ̀bù torí pé àwọn ẹbí wa lódìkejì ibodè, ní Náíjíríà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwa tí a kọ́ ọ lédè Faransé, fou lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu tiwa, wèrè nìyẹn. Mo fẹ́ràn tiwa. Nínú eré ìyára, ọmọ tó bá dúró bí bíṣọ́ọ̀bù lórí pẹpẹ kò wúlò. Wèrè tó ń já lọ já bọ̀ láti igun dé igun ló ń mú kí ẹnìkejì máa sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Bí a ṣe ń ta á nìyí: gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ, jẹ́ kó bi ẹnìkejì ní nǹkan. Ẹni tó ń lu ìlẹ̀kùn mọ ìgbà tó máa lù ú. Ẹni tó wà nínú ilé ló ń dìde lọ wò ó nígbàkigbà, òun laago ń jẹ. Nínú eré wákàtí mẹ́rin, ìgbésẹ̀ tó tọ́ jù ni kí o wá. Nínú ti ìṣẹ́jú mẹ́ta, èyí tó dára díẹ̀ tó sì ṣòro láti dáhùn ti tó. Má jókòó lé èyí tó tọ́ jù bí adìẹ lórí ẹyin.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù, torí òun ló ń pa yín jùlọ: bí a ṣe ń fi ayaba pa ọba tó dá wà. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Gbé ayaba sí ibi tí ẹṣin ìbá ti fò lu ọba yẹn. Ibi tó bá gbà, gbà á tẹ̀ lé e, ìgbésẹ̀ rẹ̀ ni kí o sín jẹ, títí yóò fi há sí etí pátákó. Kò gba ìrònú, ìka lásán ló ń ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọba wà ní g8, ayaba rẹ wà ní e7. Ọba sá wọ igun, h8. Ìka rẹ á fẹ́ tẹ̀ lé e lọ sí f7, torí bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe bọ̀. Bí o bá gbé e síbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, eré tán: ọba ò sí lábẹ́ ìkọlù, kò sì ríbi lọ, àmì di ààbọ̀ fún ẹ, ààbọ̀ fún un. Mo ti rí ọmọ tó ju fóònù sílẹ̀ torí èyí. Nígbà tó bá ti wọ igun, dúró. Fi ayaba sílẹ̀ ní e7. Ọba á máa lọ g8, á máa bọ̀ h8, bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ìwọ gbé ọba tìrẹ bọ̀ jẹ́jẹ́ títí dé g6, kí o wá já ayaba lu g7. Ó kú.

Ṣe é ní ogún ìgbà lọ́jọ́ kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ṣe ti ilé gogoro kan pẹ̀lú. Ìkànnì Lichess tí ọmọ Faransé kan, Thibault Duplessis, dá sílẹ̀ ní 2010 ń jẹ́ kí o ṣe gbogbo ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ìpolówó ọjà níbẹ̀ tí yóò jẹ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ. Wọ́n ní ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní Puzzle Storm: ìṣẹ́jú mẹ́ta, àdììtú ń tẹ̀ lé àdììtú, bí o bá sì ṣì í, wọ́n á yọ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Àárọ̀ kí o tó jẹun ni kó o ṣe é.

Nípa íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ibi tí à ń gbé kọ́ ni Kútọnu. Ní ọjọ́ òjò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ, á dúró, á tún bọ̀, aago rẹ ò sì ní dúró dè ọ́. Ẹni tó ń ta oníṣẹ́jú kan ní Issaba lọ́jọ́ òjò ń tọrẹ ni. Oníṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú àáyá méjì kún lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa ta. Fischer tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló ronú irú aago bẹ́ẹ̀. Ogójì ìgbésẹ̀ á bu 80 kún 180. Bí o bá há, méjì yẹn á máa gbé ọ dìde.

Ẹ̀yin náà sì mọ ilẹ̀ dúdú wa. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí a máa di táyà zem mú bí ẹni tó jẹ ọ́ lówó. Ọmọ tuntun á yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ́ńjìnnì á ké, táyà á gbẹ́lẹ̀, á rì dé ìdí. Àwọn tó gbọ́n a máa sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tì í díẹ̀díẹ̀. Bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá bá kù, má yíwọ́. Wá ìgbésẹ̀ tí kò léwu: dáàbò bo ọba, lu ọba ẹnìkejì bó bá ṣeé lù láìpàdánù nǹkan, kó àwọn ọmọ rẹ sún mọ́ra wọn. Kí o sì ṣọ́ra fún premove, ìgbésẹ̀ tí o ti pa láṣẹ fún fóònù kí ẹnìkejì tó gbé tirẹ̀. Ó dára tó bá dájú pé ẹnìkejì á gba ọmọ rẹ, tí o sì fẹ́ gbà á padà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, dídi ojú rìn lójú títì ni.

Bí o bá pàdánù mẹ́ta tẹ̀léra, pa fóònù. Tunde Onakoya, ọmọ Ìkòròdú tó ń fi ṣẹ́ẹ̀sì kọ́ àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù, ta á fún ọgọ́ta wákàtí ní Times Square, ní New York, ní oṣù kẹrin 2024, ó sì padà ta á fún 64 ní 2025. Ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n ń kà fún un nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan. Òun ní ìdí tó fi jókòó pẹ́ bẹ́ẹ̀: owó ìwé àwọn ọmọ ló ń wá. Ìwọ tó ń ta á di aago méjì òru láti gba máàkì 40 padà lọ́wọ́ ẹni tí o ò mọ̀, ìbínú ló ń bá ọ ta á, kì í ṣe ọpọlọ.

Ẹni tó bá ń yọ́ lo ẹ̀rọ láti fi jẹ, n ò ní bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 2002, Romein àti Bal ní Amsterdam fi ẹ̀rọ ka gbogbo ipò tó lè wà lórí ọpọ́n awari, ìbátan ayò wa, ó lé ní bílíọ̀nù 889, wọ́n sì rí i pé bí ẹni méjì bá ta á láìṣìṣe, kò sẹ́ni tó máa jẹ. Ẹ̀rọ ti parí awari lọ́jọ́ yẹn. Àwọn àgbàlagbà tó wà lábẹ́ igi kò gbọ́, wọ́n ṣì ń ta ayò tiwọn.

Mo ní kí ọmọ Sakété yẹn jókòó. Mo to ọba mi nìkan sórí pátákó gidi, mo fún un ní ọba àti ayaba, mo fi ìṣẹ́jú àáyá ogún sórí aago. Lẹ́ẹ̀kíní, ó gbé ayaba lọ sí f7. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tún gbé e lọ síbẹ̀, ó gbá orí ara rẹ̀. Onízem tó gbé e wá ti ń fọn fèrè níta. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo mọ̀ọ́mọ̀ rò ó pẹ́ kí n tó gbé ọba mi wọ igun. Nígbà tí mo gbójú sókè, ètè rẹ̀ ń mì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.