Ìwọ̀-Oòrùn Ni Kí Ẹ Máa Wò

ÌBÉÈRÈ: Salford, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester, ni èmi àti ọkọ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wa ń gbé. Kò tíì pé ọdún kan tí a ti Ìbàdàn dé. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, alaalẹ́ ni mo sì ń jáde. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Leeds. Láti ìgbà tí Oṣù Kẹsàn-án ti wọlé ni fóònù mi ti ń sọ pé "cold front" ń bọ̀, pé ìjì wà nínú rẹ̀, tí ó sì ń gbé àmì yẹ́lò jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró nílé títí òjò fi dá. Oòrùn yọ, mo ní ó ti tán, mo bọ́ síta. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí afẹ́fẹ́ fi wó ọgbà pákó aládùúgbò wa lulẹ̀ níwájú mi. Kí ni nǹkan yìí gan-an? Ṣé ọyẹ́ tiwọn nìyẹn? Báwo ni mo ṣe lè mọ ìgbà tó yẹ kí n jáde? — Ìyá Ìbejì, Salford.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ọgbà pákó yẹn ló jẹ́ kí n fi lẹ́tà yín ṣíwájú àwọn yòókù. Àṣìṣe tí ẹ ṣe kì í ṣe ti aláìmọ̀kan rárá. Ìmọ̀ òjò tí ẹ kó wá láti Ìbàdàn ni ẹ lò, ìmọ̀ gidi sì ni, fún ojú ọ̀run Ìbàdàn.

Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí nílé. Ìlà-oòrùn á ṣú dùdù. Afẹ́fẹ́ á dákẹ́, ewé kan ò ní mì. Lójijì ìjì á dé pẹ̀lú eruku, páànù á máa han, gbogbo agbo ilé á sáré kó aṣọ lórí okùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òjò á tó ya lulẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, agbára ìjì ti ń tán nìyẹn. Tó bá dá, ó dá. Ẹni tó sá wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè máa bá tirẹ̀ lọ. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ojú ọjọ́ nílé kí n tó dé ilẹ̀ yìí, ohun kan tó sì máa ń ya àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu ni pé afẹ́fẹ́ ilẹ̀ á máa fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti orí òkun, síbẹ̀ ìlà-oòrùn ni òjò ńlá á ti jáde. Afẹ́fẹ́ òkè, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin sókè, ló ń tì í bọ̀, ìwọ̀-oòrùn ni òun sì kọjú sí.

Ní Salford, ìlà-oòrùn kọ́ ni ẹ máa wò. Ìwọ̀-oòrùn ni. Ìjì kì í sì í tán níbi tí òjò bá ti dá.

Ohun tí wọ́n ń pè ní "front", ojú ogun ni, èmi kọ́ ni mo fi í wé bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Bergen, nílẹ̀ Norway, ni Vilhelm Bjerknes, ọmọ rẹ̀ Jacob àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ tútù àti afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ń kọlu ara wọn, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Inú ogun yẹn ni wọ́n ti yá orúkọ náà. Nítorí náà, ìjì kọ́ ni "cold front" fúnra rẹ̀. Ààlà ni, ààlà tó ń rìn: afẹ́fẹ́ tútù láti apá àríwá wà lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún omi òkun wà níwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn fìríìsà, ẹsẹ̀ yín ni òtútù ń já lé. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ tútù yìí fi ń rá pálá gba ìsàlẹ̀ wọlé, bí ojú ọkọ́ ṣe ń wọ abẹ́ ilẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ ebè, tí á sì gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná sókè lójijì. Èyí tó gòkè á tutù, omi inú rẹ̀ á di ìkùukùu, ìkùukùu á di òjò. Gbogbo rẹ̀ á tò sórí ìlà kan tó gùn ju ilẹ̀ Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n tí kì í fẹ̀ púpọ̀. Ìyẹn ló fà á tí òjò rẹ̀ fi lè lágbára fún wákàtí kan tàbí méjì péré, kó sì lọ.

Ẹ béèrè bóyá ọyẹ́ tiwọn ni. Rárá o. Ọyẹ́ gbẹ, eruku aṣálẹ̀ ló ń gbé bọ̀, ó sì lè jókòó tì yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àlejò tí kì í jókòó ni èyí. Ó lè kọjá lọ́jọ́ Ajé, kí òmíràn dé lọ́jọ́bọ̀. Kódà èyí tí fóònù yín ń sọ lásìkò tí ẹ kọ lẹ́tà á ti kọjá kí ìwé yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, èmi kò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ wákàtí èyí tó ń bọ̀. Bó ṣe máa ń gba ìlú yín kọjá ni mo lè sọ.

Kó tó dé, ọjọ́ náà kì í tutù. Ó lè wà ní nǹkan bíi 17 tàbí 18 lórí ìwọ̀n Celsius, ooru á máa mú ni díẹ̀, ojú ọ̀run á bò, òjò winniwinni á máa rọ̀. Ẹ jáde sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ kẹ́yìn sí àárín ìlú Manchester, kí ẹ kọjú sí ọ̀nà Liverpool. Ìwọ̀-oòrùn lẹ kọjú sí yẹn. Ẹ ó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yín ni afẹ́fẹ́ ń lù, nítorí láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́. Lẹ́yìn náà, ìkùukùu dúdú á rọ̀ sílẹ̀, òjò á le, afẹ́fẹ́ á rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó lè yí kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, kó bọ́ sí ti ọ̀tún. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú ogun kọjá lórí ilé yín. Òtútù á já wálẹ̀, ìwọ̀n 18 á di 12 tàbí 11, ojú ọ̀run á là, ẹ ó sì máa rí òkè Pennines lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ọgbà pákó yẹn wà. Lẹ́yìn tí ojú ogun bá kọjá, afẹ́fẹ́ tó tẹ̀ lé e láti àríwá ìwọ̀-oòrùn lè máa le fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn kó le ju èyí tó ṣíwájú òjò lọ. Oòrùn tó yọ yẹn gan-an sì ń dá kún un. Ó ń mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ á gòkè, afẹ́fẹ́ òkè tó ń sáré á já wálẹ̀ dípò rẹ̀, lójijì lójijì. Ilẹ̀ tí òpó ọgbà dúró lé sì ti rin. Ẹ kò jáde nígbà tí ìjì tán. Àárín rẹ̀ lẹ jáde sí. Bí ààrá bá ń sán nílé, ẹni tó wà nínú iyàrá á mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojú ogun wọ̀nyí ni kò ní sán ààrá kankan. Ẹ má fi etí dúró dè é.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Oṣù Kẹsàn-án? Òkun tó yí Bìrìtìkó ká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná dé góńgó rẹ̀ ní òpin Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kẹsàn-án, torí omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Lásìkò kan náà, oòrùn ti ń fi apá àríwá pátápátá sílẹ̀, òtútù ti ń kóra jọ níbẹ̀. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ṣe tó ni agbára ìjàkadì wọn á ṣe tó, ìyẹn ló sì ń mú kí odò afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá sókè, bẹ̀rẹ̀ sí í yára.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó kan àwa ará ilé. Ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń gba orí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá lọ́dọọdún máa ń jáde sórí òkun Àtìláńtíìkì, díẹ̀ nínú wọn á sì di ìjì àjà ńlá. Lorenzo ti ọdún 2019 bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án ló kúrò ní etíkun wa, ó di ọ̀kan nínú àwọn tó le jù lórí òkun yẹn, ó wá ṣẹ́rí padà sí àríwá, ó sì dé Ireland ní ọjọ́ 3, Oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn tí agbára rẹ̀ ti dín. Bí mo bá gbọ́ irú èyí, ó máa ń ṣe mí bí ìgbà tí mo bá rí ará ìlú mi nílùú òkèèrè.

Ẹ má wo bí òjò ṣe pọ̀ tó. Òjò tó ń rọ̀ ní Manchester láàárín ọdún kò tó 1,000 mìlímítà, nígbà tí ti Ìbàdàn kọjá 1,200. Pé ó máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló jẹ́ kó dà bíi pé ó pọ̀. Igi ni kí ẹ máa wò. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé burú ju bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe fi hàn lọ, nítorí ewé ṣì wà lórí igi. Igi tó wọ ewé dà bí ọkọ̀ ojú omi tó ta aṣọ; gbogbo afẹ́fẹ́ ló ń gbà sára. Irú ìjì tó jà ní gúúsù England ní òru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16, Oṣù Kẹwàá, 1987, nìyẹn. Ènìyàn 18 ló kú ní Bìrìtìkó, igi bíi mílíọ̀nù 15 ló wó. Ewé ṣì wà lórí igi nígbà náà, òjò sì ti mú ilẹ̀ rọ̀. Bí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́, ẹ gba òpópónà tó ní iná, kódà bó bá jìn, kí ẹ fi ọ̀nà inú páàkì sílẹ̀. Ewé tó bá jábọ́ á lọ dí ojú gọ́tà; ẹ kó èyí tó wà níwájú ilé yín kúrò kí òjò tó dé, ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ní ti àmì yẹ́lò, àwọn ènìyàn rò pé "ìjì kékeré" ló ń wí. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Met Office máa ń da ohun méjì pọ̀ nínú àmì náà: bí ìpalára ṣe lè tó, àti bó ṣe dájú tó pé yóò ṣẹlẹ̀. Yẹ́lò kan lè jẹ́ wàhálà díẹ̀ tó dájú. Òmíràn lè jẹ́ wàhálà ńlá tí kò tíì dájú. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ka inú rẹ̀. Tó bá wá di pupa, ẹ̀mí ló wà nínú ewu nìyẹn, ẹ pe ọ̀gá yín, kí ẹ má jáde. Orúkọ tí wọ́n ń fún ìjì náà kò yẹ kó tàn yín jẹ. Láti 2015 ni wọ́n ti ń sọ ìjì lórúkọ, ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹsàn-án ni orúkọ tuntun sì ń bẹ̀rẹ̀. Agnes, ìkíní nínú ti 2023, dé ní ọjọ́ 27 oṣù náà. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ojú ogun wọ̀nyí ni kò lórúkọ. Lórí fóònù yín, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ "gust" sí. Ìrọ́lójijì afẹ́fẹ́ nìyẹn, òun ló ń wó nǹkan. Bó bá ti tó 45 máìlì ní wákàtí, ẹ so bíìnì mọ́lẹ̀, kí ẹ kó ohun ìṣeré àwọn ìbejì wọlé.

Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì pé ojú ọ̀nà M62 tó gba orí òkè lọ sí Leeds ni márosẹ̀ tó ga jù ní gbogbo England, mítà 372 ló wà lókè òkun. Afẹ́fẹ́ tó ń ṣeré ní Salford lè máa jà lókè níbẹ̀. Kó sì mọ̀ pé ọkọ̀ tó ti já ẹrù sílẹ̀ ni ìjì ń tètè tì, nítorí náà ìrìn àbọ̀ ló yẹ kó bẹ̀rù ju àlọ lọ. Bí iná bá lọ, 105 ni ẹ máa pè, ọ̀fẹ́ ni. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ gbé dání nílé àwọn arúgbó tí ẹ ń tọ́jú, kì í ṣe àbẹ́là.

Ìgbà wo wá ni kí ẹ jáde? Bí afẹ́fẹ́ bá ti bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, tí ẹ sì ti wo orí igi fún bíi ìdajì wákàtí tí ẹ rí i pé ẹ̀ka kékeré nìkan ló ń mì. Bí ẹ bá ní ará kan ní Dublin, ẹ pè é lọ́sàn-án kí ẹ tó palẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ojú ogun wọ̀nyí ń kọ́kọ́ gbà. Ẹ má béèrè bóyá òjò ti dá. Ẹ béèrè bóyá afẹ́fẹ́ ṣì ń gbá fèrèsé. Bó bá ní ó ṣì ń gbá a, ẹ lè retí tiyín láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà.