Ta ló lè dá ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mì?



Ẹ jẹ́ kí á rò ó báyìí. Ilẹ̀ ti ṣú ní Tchaourou. Ẹ ti sùn. Fóònù dún. Àbúrò yín tí ó wà ní Parakou ni ó ń pè. Ó ní: «Ẹ jáde nínú ilé! Wọ́n ní ilẹ̀ yóò mì lóru yìí!» Kí ni ẹ óò ṣe?

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí, kò sì jìnnà sí wa.

Òru kan ní Gánà

Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, ilẹ̀ mì ní orílẹ̀-èdè Haiti. Ilé wó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ẹ̀rù ba gbogbo ayé. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, ní òru ọjọ́ 17 mọ́jú ọjọ́ 18, ọ̀rọ̀ kan ń rìn láti fóònù dé fóònù ní Gánà. Wọ́n ní ilẹ̀ yóò mì lóru náà. Wọ́n ní rédíò BBC ni ó sọ ọ́.

Irọ́ ni. BBC kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn gbé ọmọ wọn, wọ́n sá jáde, wọ́n wà ní gbangba títí ilẹ̀ fi mọ́. Ilẹ̀ kò mì. Ìjọba jáde, ó ní kí àwọn èèyàn padà sílé.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbà á gbọ́? Nítorí pé ilẹ̀ ti mì rí ní Accra. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ó mì gan-an. Ilé wó, èèyàn bí 17 sì kú. Irọ́ tí ó bá jọ òótọ́ kì í pẹ́ ràn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ mọ̀

Nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, àpáta ńláńlá ń ti ara wọn. Wọ́n lè ti ara wọn fún ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí agbára náà bá pọ̀ jù, wọ́n á yẹ̀ lójijì, ilẹ̀ á sì mì.

Àwọn onímọ̀ mọ ibi tí èyí ti sábà ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá sọ pé àwọn kò tíì dá ọjọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá kankan rí.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Àpáta tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ti gbó, ó sì dúró. Ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá ṣọ̀wọ́n níbí. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ilẹ̀ mì díẹ̀ ní gúúsù Benin. Wọ́n mọ̀ ọ́n lára dé ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà.

Ẹ wo oko kajú wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ta ló mọ ọjọ́ tí iná yóò jó igbó? Kò sí. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ewu wà. Nítorí náà ni a ṣe ń ro etí oko yíká, kí iná má baà ráyè wọlé. A kò mọ ọjọ́, ṣùgbọ́n a ti múra. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ fẹ́ kí á ṣe nípa ìmìtìtì ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú tí ó di ẹkún

Irọ́ tí ń dẹ́rù bani kò dára. Ìtùnú tí kì í ṣe òótọ́ ńkọ́?

Ìlú kan wà ní Ítálì tí ń jẹ́ L'Aquila. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ilẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àṣà àwọn àgbà ìlú náà ni pé bí ilẹ̀ bá mì, kí wọ́n jáde, kí wọ́n sùn síta. Ní òpin oṣù kẹta, àwọn onímọ̀ ṣèpàdé. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan sọ fún àwọn oníròyìn pé kò sí ewu, pé bí ilẹ̀ ṣe ń mì díẹ̀díẹ̀ yẹn dára, agbára rẹ̀ ń dín kù ni. Èyí kì í ṣe òótọ́. Ní òru ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, ilẹ̀ kọ́kọ́ mì díẹ̀. Àwọn kan rántí ọ̀rọ̀ ìtùnú náà, wọn kò jáde. Ní aago mẹ́ta kọjá, ilẹ̀ mì gan-an. Èèyàn 309 kú.

Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ dá onímọ̀ 6 àti òṣìṣẹ́ ìjọba náà lẹ́bi. Ní ọdún 2014, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá àwọn onímọ̀ 6 sílẹ̀, ó sì dín ẹ̀wọ̀n òṣìṣẹ́ náà kù sí ọdún 2.  Ọ̀rọ̀ rere nípa ewu ní ẹsẹ̀ mẹ́ta:

1. Ohun tí a mọ̀.
2. Ohun tí a kò mọ̀.
3. Ohun tí ẹ lè ṣe.

Ẹ ṣe báyìí

Bí ọ̀rọ̀ bá dé sórí fóònù yín, ẹ béèrè pé: Ta ló sọ ọ́? Ṣé ó dá ọjọ́? Bí ó bá dá ọjọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ bi olórí abúlé tàbí ilé iṣẹ́ mérì.

Bí ilẹ̀ bá ń mì nígbà tí ẹ wà nínú ilé, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sábẹ́ tábìlì tí ó lágbára, ẹ bo orí yín, ẹ di tábìlì náà mú. Bí ẹ bá wà níta, ẹ jìnnà sí ògiri, igi àti wáyà iná. Bí ó bá dáwọ́ dúró, ẹ pa iná ààrò, ẹ jáde sí gbangba.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí àwọn ará Gánà fi sùn síta ní ọdún 2010?
2. Àṣìṣe wo ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún àwọn ará L'Aquila?
3. Irọ́ wo ni ó ti rìn rí ní abúlé yín nípa àìsàn tàbí ewu? Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé irọ́ ni? Ẹ jíròrò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín.