Ẹ Má Tún Un Tẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù san owó, mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ pé kí owó lọ, tí ojú fóònù wá dúró, tí àmì róbótó yẹn ń yí ṣáá, ẹ má tún un tẹ̀. Owó lè ti lọ kó jẹ́ pé èsì tó yẹ kó padà wá bá yín ló sọnù lọ́nà. Ẹni tó bá kánjú tún un tẹ̀ lè san owó ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó kù nínú àkáǹtì yín ná.

Ohun tó ń fa ìdúró yẹn kò hàn sójú. Ohunkóhun tí a bá fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gé e. TCP ni òfin ìrìnnà tí púpọ̀ nínú àwọn ìdì wẹ́wẹ́ yìí ń tẹ̀ lé: ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ fèsì pé ó ti dé. Bí ìdì kan bá sọnù, olùfiránṣẹ́ á tún un fi ránṣẹ́, á sì dẹ eré, torí ó gbà pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló wà lójú ọ̀nà. Wọn ò kàn ṣòfin dídẹ eré yẹn lásán o. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, ọ̀nà kan láàárín ilé ìwádìí Lawrence Berkeley àti Yunifásítì California ní Berkeley, ìrìn 400 yáàdì péré, já wálẹ̀ láti 32,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sí 40. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Van Jacobson tẹ ojútùú rẹ̀ jáde ní 1988.

Wáyà ló wà lọ́kàn àwọn tó ṣòfin yìí nígbà náà. Nínú afẹ́fẹ́ tí fóònù ń gbà ránṣẹ́, ògiri lásán tàbí màíkírówéèfù tí wọ́n fi ń gbé ọbẹ̀ gbóná lè ba ìdì jẹ́ láìsí èrò kankan lọ́nà. TCP á ṣì fà sẹ́yìn, bí awakọ̀ tó já sí kòtò kan tó wá rò pé gbogbo títì ló dí.

Nítorí náà, áàpù tó bá ní òun á fún nẹ́tíwọ̀kì yín lágbára, ẹ sá fún un. Kò lè gbé òpó nẹ́tíwọ̀kì súnmọ́ yín. Bó bá tún ní kí gbogbo dátà yín gba ọ̀dọ̀ òun kọjá, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn fìríìjì, ìyẹn sàn jù. Bí ẹ bá wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú ráútà, ẹ lo Wi-Fi 5 GHz; 2.4 GHz ló ń la ògiri kọjá dáadáa jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù, tiyín ló pọ̀ jù nínú ẹ̀bi owó tí a san lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ̀rọ yín lè mọ̀ bó bá tún padà wá. QUIC, òfin ìrìnnà mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2021, kì í jẹ́ kí ìjíròrò já nígbà tí fóònù bá kúrò lórí Wi-Fi bọ́ sórí nẹ́tíwọ̀kì òpó. BBR, ọ̀nà ìdarí eré tí Google gbé jáde ní 2016, kì í ka gbogbo ìdì tó sọnù sí súnkẹrẹ. Ẹ má sì fi Wi-Fi ọ́fíìsì yín nìkan dán iṣẹ́ wò: ẹ fi netem, irinṣẹ́ inú Linux, mọ̀ọ́mọ̀ sọ ìdì 2 nù nínú 100, kí ẹ wá gbìyànjú láti san owó.