Ìtumọ̀ Orin Ẹgbẹ́ Akọrin Arìnrìn-àjò: Àyẹ̀wò fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Ìfáárà
Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ orin láàrin Yorùbá. Alárìnjó, orúkọ tí a ń pe òṣèré ayé àtijọ́, jẹ́rìí sí i. Láti 1945 ni Hubert Ogunde ti ń kó ẹgbẹ́ eré rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó, fi ilé ẹ̀kọ́ girama ní Oǹdó sílẹ̀ gba Èkó lọ. Ó dá ẹgbẹ́ Green Spots sílẹ̀ ní 1967, nígbà tí yóò sì fi di 1983, orin rẹ̀ ti dé Amẹ́ríkà. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà kì í wọ́n lẹ́nu akọrin. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ka irú orin bẹ́ẹ̀ sí orin àríyá lásán. Òmíràn lè gbà á bí ìtàn ìgbésí ayé akọrin gan-an. Iṣẹ́ yìí fẹ́ tọ́ka sí ọ̀nà kẹta.

Ọ̀nà àti ọnà
Ohùn orí ọ̀rọ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀nà ni títì tí ọkọ̀ ń gbà. Ọ̀nà náà ni ipa tí ènìyàn ń gbà jẹun. Ọnà, ní tirẹ̀, ni iṣẹ́ ọwọ́ oníṣọ̀nà. Akọrin tí ó bá gbàdúrà pé kí ọ̀nà òun là ń sọ nípa títì àti oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí olùkọ́ má ka àdúrà náà sí ẹ̀ṣọ́ lásán. Òru tàbí ìdájí ni ẹgbẹ́ sábà máa ń gbéra kúrò lóde àríyá. Nítorí náà, pípe Ògún tàbí Ọlọ́run nínú orin jẹ́ ìgbàgbọ́, ó sì tún jẹ́ ẹ̀rù.

Oríkì olùgbàlejò
Ní 1971, Haruna Ishola gbé àwo orin Oroki Social Club jáde. Òròkí ni oríkì Òṣogbo. Ẹgbẹ́ aláfẹ́ kan ní ìlú náà ni orin ọ̀hún ń yìn. Ìyìn nìkan kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ní ìlú onílùú, ẹni tí ó pe akọrin ni ọjà rẹ̀. Orúkọ ìlú àti ti olùpè nínú orin jẹ́ ìdúpẹ́, àkọsílẹ̀ ibi tí ẹgbẹ́ dé, àti ìpolówó fún ìpè mìíràn.

Ta ni 'mo'?
Ọ̀gá a máa lé orin, àwọn ọmọ ẹ̀yìn a sì gbè é. 'Mo' inú lílé ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀gá ni ó ń jáde. Onílù tí ó sùn lórí ìjókòó ọkọ̀, awakọ̀, àti ẹni tí ó ru ẹ̀rọ gbohùngbohùn kì í sábà ní gbólóhùn tiwọn. Bí ọmọdé bá kọ́ orin láìbéèrè nípa wọn, yóò rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó rin ìrìn náà. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ní kíláàsì
Kí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó mú orin kan. Kí kíláàsì dà á kọ pẹ̀lú àmì ohùn. Kí wọ́n ya lílé sọ́tọ̀ kúrò lára ègbè. Kí wọ́n to orúkọ ìlú àti ti ènìyàn inú rẹ̀, kí wọ́n sì wá àwọn ìlú náà lórí máàpù. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó sọ̀rọ̀? Ta ni a yìn? Ta ni kò sí níbẹ̀?

Ìgúnlẹ̀
Ìbéèrè kẹta ni ó ṣòro jù, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ orin. Inú ìlù àti ègbè ni a ó ti gbọ́ ọ. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọ láti tẹ́tí sí i ti kọ́ ọ ní lítíréṣọ̀, ó sì ti kọ́ ọ láti mọ iyì iṣẹ́ ẹni tí a kò dárúkọ.